Ẹ̀rọ Mùkáílà àti Omi Wàláà

Bí ẹ bá yà sílé wa ní Ṣàngó, ní Ìlọrin, tí ẹ bá ìkòkò ọbẹ̀ mi láìní ìdérí, ẹ má bi mí léèrè ibi tí ìdérí rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ara ẹ̀rọ kan ni ẹ ó ti rí i, ìṣó mẹ́rin ni wọ́n fi kàn án mọ́ igi, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa dá èérún igi dúró kí ó má baà fò wọ ọkọ mi lójú. Ìdérí gidi ni. N kò tíì fi bo ọbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tí Mùkáílà fi ní òun ti rí iṣẹ́ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un.

Irú ènìyàn tí mo fẹ́ nìyẹn. Kò sí ohun tó ń bí i nínú tó kí nǹkan wà nílẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe. Fítà ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀rọ tó ń fa omi ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tún ṣe. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́rin, á wọlé, á kí ìrun alásàrí, á jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni ó ti ń ṣe àga, tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì láti nǹkan bí ọdún 1988. Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, àga kọ́ ló wù ú. Ẹ̀rọ tó ń ṣe àga ló wù ú. Á ṣe àga kan, á fi ọ̀sẹ̀ méjì tún ẹ̀rọ tó fi ṣe é ṣe.

Ẹ̀rọ ayùn ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ́ńjìnì oníná kan tí wọ́n fẹ́ dà nù níbi iṣẹ́ ni ó tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Irin bẹ́ẹ̀dì tí mo gbé wọlé ọkọ ni ó fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni a fi tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì wa sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì bi mí, mo ní ooru ló ń mú wa. Ayùn náà yára lóòótọ́, àmọ́ wọ́gọwọ̀gọ ló ń la igi. Mùkáílà wá fi pákó kan tó gún régé ṣe ọgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Igi tó bá ti fara ti ọgbà yẹn kò lè yà sọ́tùn-ún yà sósì mọ́. Nígbà tí mo pariwo pé ọjọ́ tí ayùn bá jẹ ìka rẹ̀ kan, n kò ní bá a jẹun nínú àwo kan náà mọ́, ó gbẹ́ ọwọ́ kan láti ara igi, ọwọ́ gidi, ó ní ìka márùn-ún àti èékánná. Èyí ni ó fi ń ti igi sẹ́nu ayùn. Ayùn ti jẹ ọmọńdinrín ọwọ́ igi náà báyìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi hàn án pé, “Bàbá Salamah, ẹ wò ó, tiyín nìyẹn ì bá jẹ́.”

Tíṣà Olúfẹ́mi, ayálégbé wa tó wà ní yàrá iwájú, náà fojú rí nǹkan. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga. Ó gbé àwo ọbẹ̀ rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ó fi síbí gbé nǹkan kan sókè nínú rẹ̀.

“Bàbá Salamah, ẹ dákun, ẹ bá mi wo èyí. Ṣé ẹja ni àbí ìrókò?”

Mùkáílà bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, ó sì ṣí àpótí aṣọ mi kó tó di ọjọ́ kejì. Ìró mi kan ni ó rán bí àpò gígùn, ó so ó mọ́ ìdí ẹ̀rọ ayùn, gbogbo lẹ́búlẹ́bú igi sì ń rọ́ sínú rẹ̀. Ọbẹ̀ Tíṣà mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi ni aṣọ mi di àpò ìdọ̀tí.

Àmọ́ nínú gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí, ẹ̀rọ ìfági ni àyànfẹ́. Ọ̀pá irin kan ni, ó ń yí birí, ọ̀bẹ méjì sì wà lára rẹ̀ tí ó fi irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ. Igi á gba abẹ́ ọ̀pá yìí kọjá, á jáde lódì kejì ní dídán, bí ọmọ màlúù tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lá tán. Bíárìn onírin méjì, tí ó yọ lára ẹ̀rọ omi tó ti gbó, ló gbé ọ̀pá náà dúró ní orí rẹ̀ méjèèjì. Nítorí pé wọ́n ti gbó, wọ́n máa ń ké, Mùkáílà á sì máa fi gíríìsì àti ọ́ìlì dúdú tù wọ́n nínú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ń yí, á máa wọ́n ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. A kò ka ìyẹn sí. Tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì ni, fáníìṣì á bo gbogbo rẹ̀.

Báyìí ni a wà títí di ọdún 1991, tí ọ̀rọ̀ Alfa Gàní fi dé.

Ẹni tó bá dàgbà ládùúgbò wa, ó ti jókòó síwájú Alfa Gàní rí. Wọ́n kọ́ Mùkáílà ní kéwú, wọ́n kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ wa, Ummu Salamah, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Bí ọmọ bá parí Kùránì, tí wòlímọ́tù rẹ̀ bá tó, Alfa fúnra wọn ni wọ́n ń gbẹ́ wàláà tuntun, pákó ìkọ̀wé tí ọmọ náà yóò gbé dání lọ́jọ́ náà. Wọ́n á fi tàdáwà kọ ẹsẹ Kùránì kan sí i, ọmọ á ké e níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo, ọmọ á sì mu omi náà pẹ̀lú àdúrà. Hàntúú ni wọ́n ń pe omi yẹn. Ọmọ tí Alfa Gàní bá gbẹ́ wàláà fún kì í gbàgbé rẹ̀. Tèmi ṣì wà lórí àjà ìyá mi.

Ọdún yẹn, ọmọ mọ́kànlélógún ni wọ́n parí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún yẹn kan náà ni ọwọ́ ọ̀tún Alfa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ṣì lè rọra kọ̀wé, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi kò ṣeé gbé mọ́. Wọ́n pe àwa òbí jọ. Bàbá kan ní kí a lọ ra pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀, ní wéré a ó ti gé e tán. Alfa wò ó.

“Ṣé gúlúù ni kí àwọn ọmọ mi wá máa mu?”

Wọ́n ní bí kò bá sí wàláà gidi, kí àwọn ọmọ ní sùúrù di ọdún tí ń bọ̀. Salamah ti wọlé sí iléèwé tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà, ní ìlú mìíràn, oṣù kẹsàn-án ni yóò lọ. Bí kò bá ṣe é lọ́dún yìí, bóyá ni yóò lè ṣe é pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Alfa náà kì í sì í ṣe ọmọdé. Mo ṣì ń ro ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tí ọkọ mi dìde. Mo já a léèékánná nítan. Kò jókòó.

“Bàbá Alfa, ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́.”

“Mùkáílà, wàláà kì í ṣe àga o.”

“Mo mọ̀, Bàbá Alfa.”

Kò mọ̀. Èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé kò mọ̀.

Ó ra igi ọmọ̀, ó là á, ó gé e, ó fi ẹ̀rọ fá a. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ó fi ṣe mọ́kànlélógún. Kí n má purọ́, wọ́n rẹwà. Orí wọn rí roboto, ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ojú wọn jọ̀lọ̀. Ní Àlámísì, a kó wọn sínú bárò, a fi aṣọ funfun bò wọ́n, Salamah ń ṣíwájú bí ẹni tó ń mú ìyàwó lọ sílé ọkọ. Alfa fi ọwọ́ ra wọn lára. “Máṣàálà,” wọ́n ní, wọ́n tún ní, “Máṣàálà.” Àyà Mùkáílà ti wú débi pé bọ́tìnì dàńṣíkí rẹ̀ fẹ́ já.

Ọ̀kan ni Alfa mú. Wọ́n kọ̀wé sí i, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n fọ̀ ọ́ sínú àwo tángaran kan. Àṣà wọn ni pé kò sí wàláà tuntun tí wọ́n ń gbé fún ọmọ tí àwọn kò ní kọ́kọ́ tọ́ omi rẹ̀ wò. Wọ́n gbé àwo náà súnmọ́ imú. Wọ́n mu ẹ̀kún ẹnu kan, ojú wọn sì rún pọ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó.

“Mùkáílà.”

“Bàbá Alfa.”

“Ṣé o ti ń ta ọ́ìlì ọkọ̀ ni?”

Alfa gbé àwo náà kalẹ̀, wọ́n nu ẹnu.

“Wallahi, bí ẹ bá fi ọwọ́ tì mí lẹ́yìn díẹ̀ báyìí, n ó gbéra bí ọkọ̀, ó sì di ìlú Màlété kí n tó dúró.”

Gbogbo àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àwa àgbà náà rẹ́rìn-ín, èmi gan-an rẹ́rìn-ín kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Salamah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Alfa wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́.

“Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ dára. Àmọ́ n kò lè gbé èyí fún ọmọ ọlọ́mọ mu. Kó wọn padà. Wòlímọ́tù ku ọjọ́ mẹ́wàá. Bí o bá rí i ṣe, o rí i ṣe. Bí o kò rí i ṣe, Ọlọ́run ló mọ ọdún tí ń bọ̀.”

Láti ilé-kéwú dé ilé, mo ti to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu tí n ó fi ki ọkọ mi mọ́lẹ̀: mo já yín léèékánná, ẹ ò gbọ́, ẹ ní ẹ mọ̀, ẹ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a délé, ó lọ jókòó níwájú ẹ̀rọ ìfági, kò fọwọ́ kàn án, kò sì bọ́ fìlà. Ọkùnrin tó jẹ́ pé irin pàápàá ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé ìgbà ìrun mògáríbì.

“Ìyá Salamah,” ó ní, “mo dójú ti ọmọ mi.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ bá dà nù. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bí mi sí ara mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì a fi ọṣẹ àti eérú fọ gbogbo wàláà náà, a sá wọn sóòrùn. Oòrùn mú wọn, ọ́ìlì náà tún là jáde. Bí ọ́ìlì bá ti wọ igi, ó ti wọ ọ́ nìyẹn. Ohun kan ló dùn mọ́ni nínú rẹ̀: Mùkáílà ti fi wọ́n sílẹ̀ nípọn díẹ̀, bí a bá lè tún ojú wọn fá, ojú tó mọ́ wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi fá a? Mo ní kí ó fi ìfági ọwọ́ ṣe é. Ó fi ṣe ọ̀kan, ìrọ̀lẹ́ méjì ni ó fi fá ojú méjèèjì kó tó tẹ́jú dáadáa. Tíṣà bá wa ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Ogún tó kù á gba ogójì ìrọ̀lẹ́, Bàbá Salamah. Ẹ ò sì ní ogójì ìrọ̀lẹ́.”

A mọ̀. A kàn fẹ́ kí ẹnìkan sọ nǹkan mìíràn ni.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ nu gbogbo gíríìsì kúrò, ó ní kí ó máa yí ní gbígbẹ. Bíárìn náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà fi sáré jáde, ó rò pé wọ́n ń pa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ kú. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi gbóná tí ó sì ń rú èéfín. Ó da òróró sí i. Ìyẹn kò ké, àmọ́ òróró náà gbóná, òórùn rẹ̀ sì gba àdúgbò kan. Ọmọ méjì gbé àwo wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní ìyá àwọn ní kí àwọn wá ra àkàrà. Èmi wá bu òrí fún un nínú èyí tí mò ń tà. Òrí kò rùn, òrí ṣeé jẹ, kò sì sí ẹni tí kì í fi pa ara ní Ìlọrin, Alfa pàápàá ń fi pa orúnkún. Inú wa dùn fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ni ooru yọ́ òrí, ẹ̀rọ fọ́n ọn sára igi, tàdáwà tí Salamah fi dán an wò sì ń yọ̀ kiri lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò.

Ọjọ́ Mọ́ńdè nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà.

Òrí ni mò ń tà ní Ọjà Tuntun, mo ti ń tà á fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, mò ń ro òrí nínú agbada, ọkàn mi ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wàláà ni mò ń rò. Oníbàárà kan dé, mo gbé ọmọrogùn mi sórí bébà funfun kan kí n lè dá a lóhùn. Nígbà tí mo gbé e kúrò, mo wo bébà náà. Etí ibi tó bọ inú òrí lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan ló ta òrí sí i. Ibi tó kù lára igi náà, tó ti ń mu òrí láti ọdún mẹ́sàn-án, kò ta nǹkan kan sí bébà, bẹ́ẹ̀ ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi mìnìjọ̀. Mo fi aṣọ nù ún, mo tún fi ra apá mi. Ó yọ̀, kò sì kán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé n kò ta nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo di ẹrù mi, mo gba ilé lọ, mo jókòó ti ọmọrogùn mi bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ jòjòló títí ọkọ mi fi dé.

“Bàbá Salamah, ẹ fọwọ́ kan igi yìí.”

Ó fọwọ́ kàn án. Ó yí i. Ó fi ìka yí i ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀.

“Igi tó ti mu òrí yó,” ó ní. “Kí a má fi òrí sára irin rárá. Kí a yọ bíárìn dànù, kí ọ̀pá máa yí nínú igi tó ti mu òrí yó!”

“Ohun tí mo ń wí nìyẹn,” ni mo dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ n kò tíì rò ó débẹ̀.

Igi ọmọ̀ rọ̀ jù, irin á jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ kan. Igi tó le bí òkúta ni ó fẹ́. Ojú rẹ̀ ń wá kiri ẹ̀yìnkùlé, ó wọ ilé ìdáná, ó dúró lórí ọmọ odó mi. Ara igi òrí ni wọ́n ti gbẹ́ ọmọ odó náà, ìyá mi ló gbé e fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé ọkọ, ọdún mẹ́tàlá tí mo fi ń gún nǹkan, kò ṣán, kò là. Mo rí i bí ó ṣe wò ó. Mo sì rí i bí ó ṣe mú ojú kúrò, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orùlé bí ẹni pé igi wà lókè níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkùnrin yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò rí nǹkan mi tó wúlò fún ẹ̀rọ tí kò ní nawọ́ mú.

Mo gbé ọmọ odó náà, mo tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ ayùn.

“Ẹ gé e.”

“Ìyá Salamah, ti ìyá rẹ ni.”

“Ìyá mi ní ọmọ-ọmọ tó fẹ́ ṣe wòlímọ́tù. Ẹ gé e kí n tó yí ọkàn padà.”

Ó gé ègé kúkúrú méjì lára rẹ̀, ó lu ihò sí wọn, a sì sè wọ́n nínú òrí láti ìrọ̀lẹ́ títí di mògáríbì, a tún sè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ẹni tó ń se ẹran àgbò arúgbó. Wọ́n ń hó, wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ jáde, òrí sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí wọ́n tutù, Mùkáílà nù wọ́n gbẹ, ó kàn wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, ó ti ọ̀pá bọ̀ wọ́n. Ó tan iná sí i. A dúró de igbe. Kò sí igbe. Ó kàn ń kùn jẹ́jẹ́, bí ológbò tó yó.

Mo bọ́ ìborùn funfun tí mo fi ń lọ kí ìrun Jímọ̀, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀pá náà.

“Má ṣe bẹ́ẹ̀,” Mùkáílà ní. “Bó bá ta sí i ńkọ́?”

“Bó bá ta sí i, ẹ ó fọ̀ ọ́.”

Tíṣà ka ení, èjì, títí dé ọ̀ọ́dúnrún, ẹ̀rọ ń yí. Mo fa ìborùn mi jáde, mo gbé e sójú oòrùn. Mo wá a títí, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Kò sí ẹyọ àbààwọ́n kan. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí ìlù, Salamah gbè mí, Tíṣà ń pàtẹ́wọ́.

“Ilé ọba tó jó,” Tíṣà ní, “ẹwà ló bù sí i.”

Láti ìrọ̀lẹ́ náà ni fífá ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé, ó ku wàláà mẹ́fà, iná lọ. A dúró wákàtí kan. A dúró wákàtí méjì. Iná kò dé. Mùkáílà ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń wo wáyà bí ẹni pé ó lè fi ojú fa iná wá. Tíṣà jáde nínú yàrá, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀.

“Ẹ̀rọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá yí báyìí,” ó ní. “Ṣé ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè yí i ni?”

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí ìdúró, wọ́n bọ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ọ̀pá ẹ̀rọ. Mùkáílà gbé ọ̀bẹ sókè díẹ̀ kí ó lè máa fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tíṣà gùn ún, ó ń wà á, kò sì kúrò lójú kan. Òógùn ń dà lójú rẹ̀ gbùrùgbùrù. Kó tó di àárín mẹ́fà náà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ìyá Salamah, bí àwọn ará ìjọ wa bá bi mí lọ́la pé kí ló ń dun itan mi, kí ni kí n sọ?”

“Ẹ ní kẹ̀kẹ́ lẹ gùn.”

“Wọ́n á ní dé ibo?”

“Ẹ ní dé ilé-kéwú.”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú, Mùkáílà sì ń ké pé kí a jọ̀ọ́, kí a má pa òun lẹ́rìn-ín, ọ̀bẹ wà lábẹ́ ọwọ́ òun.

Lẹ́yìn ìrun alásàrí, a kó gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ Alfa. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò fi aṣọ bo bárò, Salamah kò sì ṣíwájú. Ẹ̀yìn mi ló wà, ó di ìró mi mú. Àwọn òbí ti pé, nítorí pé gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn ṣe ọúnjẹ ọ̀la tàbí kí àwọn má ṣe. Mùkáílà kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni. Kò ní òun mọ̀.

Alfa jókòó lórí awọ àgùntàn wọn. Wọ́n mú wàláà kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó pẹ́. Ó gbẹ. Wọ́n fọ̀ ọ́ sínú àwo. Wọ́n gbé àwo náà sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n mu ẹ̀kún ẹnu kan, wọ́n dijú.

“Omi ni,” wọ́n ní.

A ò mọ̀ bóyá ìyìn ni. Alfa tún gbé àwo náà sẹ́nu, wọ́n mu ún, wọ́n mu ún tán pátápátá, wọ́n sì dojú àwo náà dé.

“Mùkáílà, láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, n kò gbé wàláà tuntun kan fún ọmọ rí láìkọ́kọ́ tọ́ omi rẹ̀ wò. Kódà èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́, n kò fọkàn tán an.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Alfa.”

“N kò ní tọ́ tìrẹ wò mọ́.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún wàláà ló kù nílẹ̀, wọ́n ń gbé wọn lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò tọ́ ẹyọ kan wò. Nígbà tó kan Salamah, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ fún Alfa, ó dìde, kò wá bá mi. Bàbá rẹ̀ ló lọ bá, ó sì gbé wàláà náà sókè kí ó lè rí i dáadáa, bí ẹni pé kì í ṣe bàbá náà ló ṣe é. Mùkáílà bojú wẹ̀yìn. Mo na ọwọ́ mú ọwọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n dì í mú níwájú gbogbo ènìyàn.